Òwìwí Inú Àpótí Dígí

Mi ò purọ́ mọ́ ẹyẹ rí, n ò sì ní torí òkú òwìwí bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ojú mi ló ṣe. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi alábẹ̀wò ilé-ìwé léèrè, bí yóò bá lè la ẹnu.

Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń kó òkú ẹyẹ àti egungun ẹranko lọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ọ̀nà wọn jìn, kí wọ́n lè fojú rí ohun tí ìwé ń wí. Òwìwí yìí, òwú ló kún inú rẹ̀, òwú ló wà lójú rẹ̀. Okùn la fi so ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, bí a ti ń ṣe fún gbogbo wọn. A kì í yọ ọ́ nínú àpótí dígí. Ọrùn mi ni kọ́kọ́rọ́ àgádágodo rẹ̀ ń gbé. Agbárí òwìwí mìíràn làwọn ọmọ máa ń fọwọ́ kàn.

Àbúrò mi obìnrin ni tíṣà sáyẹ́ǹsì nílé-ìwé òkè odò. Lọ́jọ́ tí mo gbé òwìwí yìí lọ sí kíláàsì rẹ̀, alábẹ̀wò wá láti fòpin sí ẹ̀kọ́ ọ̀hún. Ó ní kí ni ọmọ ibi tó jìn báyìí fẹ́ fi sáyẹ́ǹsì ṣe, pé àkọ́sórí lásán ni wọ́n ń kà bí ayékòótọ́. Inú bí mi gidigidi. Ojú àbúrò mi ti pọ́n, ẹkún ló kù.

Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kílódé, nítorí ìbéèrè rẹ̀ kì í tán, dìde pẹ̀lú agbárí lọ́wọ́. Ó ní ihò etí òwìwí kan ga ju èkejì lọ. Òun ló fi ń mọ ibi tí eku wà nínú òkùnkùn, láì fojú rí i.

"Ta ló kọ́ ẹ?" ni alábẹ̀wò bi í.

"Ọwọ́ mi ni, sà. Mo fi kan ihò méjèèjì wò."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ó ní kí wọ́n ti gbogbo fèrèsé. Kíláàsì ṣú dùdù lójú ọ̀sán gangan. Ó lọ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì ha ilẹ̀ bí eku. "Ó yá, kí òwìwí yín wá mú mi."

Híha yẹn nìkan là ń gbọ́. Atẹ́gùn tútù kan kọjá lórí mi. Kò ní ìró rárá. Híha náà dáwọ́ dúró. Mo di kọ́kọ́rọ́ ọrùn mi mú.

"Ẹ ṣí fèrèsé." Ohùn alábẹ̀wò ti yí padà.

Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Àgádágodo wà ní títì. Ṣọ́ọ̀kì wà nínú àpótí, láàárín èékánná òwìwí, okùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tú.

Kò ya Kílódé lẹ́nu. "Mo sọ fún yín, sà."

Alábẹ̀wò buwọ́ lu ìwé pé kí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì máa lọ. Ariwo ayọ̀ sọ! Àwọn ọmọ gbé Kílódé sọ́rùn, wọ́n yí pápá ká. Àbúrò mi dì mọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Èmi náà jó láì sí ìlù. Ta ni yóò tún sọ pé àwọn ọmọ yẹn ò mọ nǹkan kan?

Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, mo ṣí àpótí láti yọ ṣọ́ọ̀kì. Mo fà á. Èékánná náà fún un mọ́ra sí i. Mo tọrọ gáfárà, mo rọra ti àpótí padà.

Láàárọ̀ yìí, mo rí ìlà ṣọ́ọ̀kì funfun kan lára dígí náà. Mo fi aṣọ nù ún, kò lọ. Inú ni wọ́n ti fà á. Mo ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀la la máa gbé àpótí náà lọ fi han Kílódé.