Wẹ́kìn Xaver

Ìkùukùu ti bo itẹ́ òkú ìlú Ahlenried nígbà tí Ronja àti Timo, ọmọ kíláàsì rẹ̀, dúró níwájú ibojì Xaver. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ dúdú bí ìdí ìkòkò. Wẹ́kìn kan, búrẹ́dì kékeré onígun ṣóńṣó, wà lórí òkúta ibojì náà, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Màmá àgbà Ronja ló yan án fún Xaver, àbúrò Màmá àgbà fúnra rẹ̀ tí ebi pa kú ní kékeré lẹ́yìn ogun. Bí ọjọ́ àwọn òkú bá pé lọ́dọọdún, ti Xaver ni wẹ́kìn tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ààrò. Màmá àgbà kì í fi nǹkan kan ẹnu kí Xaver tó jẹ tirẹ̀.

Màmá àgbà ti sọ fún Ronja pé orúkọ búrẹ́dì náà pẹ́ ju ṣọ́ọ̀ṣì ìlú lọ. Igi ṣóńṣó tí àwọn baba ńlá wọn fi ń la gẹdú ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó fi sọ búrẹ́dì tó jọ ọ́. Àwọn tó ṣí lọ sí Họ́láńdì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé orúkọ náà dání.

"Òkú wo ló ń jẹun?" Timo rẹ́rìn-ín. "Àbí ẹ̀rù Xaver ló ń bà ẹ́, ọmọ màmá àgbà?"

Ojú ti Ronja. Ó bu wẹ́kìn náà jẹ. Àwọn méjèèjì jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí Ronja délé, ó mu ọbẹ̀ ọ̀dùnkún àwo kan, ó tún bu òmíràn, ebi kò lọ. Màmá àgbà kò fọwọ́ kan àwo ọbẹ̀ tirẹ̀. Ojú fèrèsé ló ń wò. Géètì kékeré ń ṣí, ó ń padé, bẹ́ẹ̀ ni ewé kan kò mì lórí igi.

"Xaver kò tíì jẹun," ni Màmá àgbà wí jẹ́jẹ́. "Ó ti ń wá mi kiri."

Ronja kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́. Màmá àgbà kò bá a wí. Ó kàn sọ fún un pé ẹni tó jẹ ti òkú ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ san án.

Ronja po ìyẹ̀fun, ó yan án. Ó pe Timo pé kó bá òun lọ. Timo ní òun ní iṣẹ́ àmúrelé. Ronja nìkan ló wọ inú ìkùukùu padà lọ.

Koríko ẹ̀gbẹ́ ibojì ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ibi tí ọmọ kékeré jókòó sí pẹ́. Ronja gbé wẹ́kìn sílẹ̀. "Xaver, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló wí. Kò bojú wẹ̀yìn. Kó tó dé ojú pópó, ebi náà ti kúrò lára rẹ̀.

Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, Màmá àgbà ti ń mu ọbẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún un pé Xaver ti gba tirẹ̀.

Ọ̀rẹ́ a máa fi yẹ̀yẹ́ ti ni dé ibi tí kò ní bá ni dé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe tìtorí ìtìjú ojú ọ̀rẹ́ gba ohun tí a fi sílẹ̀ fún ẹni tí kò lè bèèrè rẹ̀.