Láti Ìdí Igi Dé Etí Omi

Inú omi ni Lájídé ti kọ́kọ́ rí Mùínátù. Ó ká aṣọ rẹ̀ dé orúnkún, ó di ìborùn mọ́rí ṣinṣin, ó dúró ti ọkọ̀ ojú omi kan ní etí adágún Ṣáàdì ní Bàgà, ó sì ń ná ẹja lọ́wọ́ apẹja kan ní èdè Hausa bíi pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Apẹja búra. Òun náà búra. Nígbà tó yá, apẹja bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹja sílẹ̀ fún un ní iye tí Mùínátù fẹ́.

Lájídé dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ pẹ̀lú téèpù àti ìwé lọ́wọ́. Ọmọ Èpẹ́ ni, ó wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì ní Maiduguri, jọ́gíráfì ló ń kà. Ìwé àṣekágbá rẹ̀ dá lórí ìlú mẹ́rin tó tò sí etí adágún náà, tí lọ́rì lè gba gbogbo wọn kọjá láàárín òwúrọ̀ kan. Omi ń sá fún àwọn ìlú yìí lọ́dọọdún, ó sì fẹ́ mọ bó ṣe ń sá tó. Ohun tó gbé e dé Bàgà nìyẹn. Ṣùgbọ́n fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò wọn nǹkan kan.

Nígbà tó rí i pé ọmọbìnrin náà ti ń jáde bọ̀, ó tẹríba díẹ̀, ó sì fi Hausa tó kọ́ lẹ́nu àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bi í pé níbo ni omi dé lọ́dún tó kọjá.

"Ẹ sọ Yorùbá, jàre," ni Mùínátù wí. "Ẹ ń dá Hausa lóró."

"Ta ló sọ fún yín pé Yorùbá ni mí?"

"Ìkíni yín ni. To, ṣé ẹ rí igi àjàgbọn yẹn? Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ìdí rẹ̀ ni a ti ń bọ́ sínú ọkọ̀."

Lájídé wo igi náà lọ́ọ̀ọ́kán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀ láti ibẹ̀ títí dé etí omi, Mùínátù sì ń bá a kà á. Igba ó lé mọ́kànlá ni. Èmi ò mọ ohun tí onímọ̀ ilẹ̀ lè pe irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo mọ ohun tó jẹ́ fún àwọn méjèèjì.

Ọmọ Alhaji Láwàlì ni Mùínátù. Ní Gwange, àdúgbò wọn ní Maiduguri, kò sí ẹni tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù Alhaji, níbi tó ti ń ta bandá, ẹja yíyan tó ń kó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ọmọ Ọ̀fà ni, ó ti lo ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ní Maiduguri. Gbogbo Alámísì ni Mùínátù máa ń bá lọ́rì bàbá rẹ̀ lọ sí ìlú mẹ́rin náà láti ra ẹja. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, Lájídé náà wá rí i pé Alámísì ló dára jù láti wọn omi.

Ní Dórò, ọ̀kan nínú ìlú mẹ́rin náà, Mùínátù fi ibi tí wọ́n ti ń ta kúnú tó dùn jù hàn án. Ní abúlé kejì sí i, ó ní kó wọ ọkọ̀ ojú omi, Lájídé sì di etí ọkọ̀ mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ Èpẹ́ tó ń bẹ̀rù omi," ni Mùínátù wí. "Kí ni màmá yín ń tà nílé?"

"Ẹja."

Ẹ̀rín pa Mùínátù títí ọkọ̀ fi ń mì.

Lájídé fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ràn Yorùbá rẹ̀ tí Hausa máa ń yọjú láàárín rẹ̀, ó fẹ́ràn bó ṣe máa ń na ẹsẹ̀ kó lè bá ìṣísẹ̀ tirẹ̀ dọ́gba. Nígbà tí ìṣísẹ̀ fi máa di igba ó lé ogójì, "ẹ" ti di "ìwọ" láàárín wọn. Ọjọ́ yẹn, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Mùíná, ìdánwò mi máa parí ní oṣù kẹfà. Mi ò fẹ́ padà sílé bí ẹni tó wá wọn omi nìkan. Ìwọ ni mo fẹ́ fẹ́."

"Bá bàbá mi sọ ọ́," ni Mùínátù wí. "Èmi ti gbà. Àmọ́ ó le, wallahi."

Ibi tí Lájídé ti ṣe àṣìṣe nìyí. Ó rò ó pé ẹni tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní Maiduguri, tó ń dé fìlà àwọn Kànúrí, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi Hausa ṣeré, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ ló máa wù ú. Ó ra obì gooro, ó dì í sínú ewé, ó fi aṣọ lé e, ó sì bẹ Màlámù Ṣéhù, àgbàlagbà Hausa kan ní garéèjì, pé kó bá òun lọ tọrọ ọmọ.

Alhaji gbọ́ ọ̀rọ̀ Màlámù Ṣéhù títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Lájídé.

"Ta ló sọ fún ọ pé mo ti di Hausa? Láyé ibo ni ọmọ Yorùbá ti ń tọrọ ìyàwó láìsí ìyá, láìsí bàbá, láìsí ẹbí kankan?"

Lájídé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo rò pé..."

"Dìde. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀." Ohùn Alhaji wá lọ sílẹ̀. "Kúbúrátù, ẹ̀gbọ́n Mùínátù, mo fún ọmọ ilé ìwé kan bí ìwọ. Ó mú un lọ sílé wọn nílẹ̀ Yorùbá. Gbogbo ìgbà tí ó bá ti lanu, wọ́n á máa pè é ní Gàmbàrí, wọ́n á máa sín ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Láàárín ọdún méjì, ó ti padà sínú yàrá rẹ̀ níbí. Látìgbà náà, kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú àlejò. Mi ò ní fi ọmọ kejì ṣe bẹ́ẹ̀." Ó nawọ́ sí obì. "Mùínátù, gbé e kúrò níwájú mi."

Mùínátù gbé e. Ó sin Lájídé dé ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé ó ti parí nìyẹn?" ni Lájídé bi í.

"Omi ló ń sá," ni Mùínátù wí. "Èmi kì í ṣe omi. Lọ wá àwọn èèyàn rẹ wá."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni Lájídé kọ lẹ́tà ojú ìwé mẹ́rin sí ìyá rẹ̀, kò sì fi nǹkan kan pa mọ́. Alhaji ní wọn ò gbọ́dọ̀ jọ wọ lọ́rì mọ́, Lájídé wá ń lọ sí Bàgà ní Sátidé. Sátidé àkọ́kọ́, ó rí nǹkan tí wọ́n fi èédú kọ sára igi àjàgbọn: 252. Mùínátù ló ka ìṣísẹ̀ ní Alámísì, tó sì kọ ọ́ síbẹ̀ fún un. Lájídé kọ "Mo ń dúró" sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó di 259. "Èmi náà," ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọ̀sẹ̀ méje, lẹ́tà kankan kò ti Èpẹ́ dé.

Kò dé nítorí pé ẹni tó yẹ kó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀. Ràfíátù, ìyá Lájídé, ta ẹja títí ó fi rówó ọkọ̀, ó mú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, Bàbá Ọládòṣù, dání, wọ́n sì lo ọjọ́ mẹ́ta nínú rélùwéè. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni àwọn àti Lájídé wọ ilé Alhaji. Bàbá Ọládòṣù kí ilé bó ṣe tọ́ àti bó ṣe yẹ. Ó wá kan Ràfíátù.

Ó kúnlẹ̀ níwájú Alhaji àti ìyàwó rẹ̀, Nímọ́tà, ó tún ìborùn ṣe, ó sì ké tantan pé: "Ina kwana!"

Ẹ kú àárọ̀ ló ń kí wọn, bẹ́ẹ̀ oòrùn ti ń wọ̀. Kò dúró níbẹ̀ o. Gbogbo Hausa tí àwọn èrò rélùwéè kọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́ta ló kó kalẹ̀, iye tàtàsé àti ibi tí àwọn èrò ń sọ̀ kalẹ̀ kò gbẹ́yìn. Nímọ́tà fi ìborùn bo ẹnu. Nígbà náà ni ẹ̀rín bú jáde lẹ́yìn kọ́tìnnì. Kúbúrátù ni. Alhaji yí orí padà kíákíá, nítorí ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn.

"Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín," ni Ràfíátù wí, ó ti padà sí Yorùbá. "Ọmọ mi sọ ohun tí ojú ẹ̀gbọ́n ìyàwó rí fún mi. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ahọ́n tèmi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé yín. Ẹni tó bá wá fẹ́ rẹ́rìn-ín sí ti Mùínátù ní Èpẹ́, èmi ni yóò kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà."

Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́.

"Lájídé," ló wí níkẹyìn, "obì dà?"

Lájídé wo ìyá rẹ̀. Nínú gbogbo ẹrù tí wọ́n gbé wá, wọ́n gbàgbé obì. Kó tó lanu, Mùínátù ti wọlé lọ, ó sì gbé igbá kan jáde, ewé tútù ni wọ́n fi bò ó. Alhaji ṣí i. Ó mọ̀ ọ́n.

"Ṣé mi ò ní kí o gbé e kúrò níwájú mi?"

"Mo gbé e kúrò níwájú yín, Bàbá," ni Mùínátù wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ ò sọ pé kí n sọ ọ́ nù. Gbogbo Jímọ̀ ni mo ń pààrọ̀ ewé rẹ̀."

Alhaji Láwàlì mú obì kan, ó sì là á. Omi ṣì wà nínú rẹ̀.