Itsuo Di Kajitani

Òjò ló lé Itsuo Urabe wọ ilé ìkàwé ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí ìlú Matsue ní Japan. Ó gbọn omi kúrò lára agboòrùn rẹ̀, ó wo yíká.

"Ayàwòrán-ilé wo ló fi fèrèsé sí ìsàlẹ̀ báyìí? Àbí ológbò ló fẹ́ máa wòta?"

Obìnrin kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ jókòó sílẹ̀ ná, kí ẹ tó bú u."

Itsuo jókòó. Láti ojú fèrèsé náà, gbogbo adágún omi ìlú tẹ́ rẹrẹ síwájú rẹ̀ nínú òjò.

"Ilẹ̀ làwọn ọmọdé ń jókòó kàwé," obìnrin náà ní. "Sumie Kajitani ni mí. Èmi ni mo yà á."

Ojú ti Itsuo, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ti wọlé. Olùkọ́ orin ni, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Kí ewé igi tó pọ́n nígbà ìwọ́wé, ó ti ní kí Sumie fẹ́ òun.

"Màá fẹ́ ọ, olólùfẹ́ mi," Sumie dáhùn, "ṣùgbọ́n n kò ní fi orúkọ mi sílẹ̀. Orúkọ ìdílé kan ṣoṣo ni òfin gbà kí tọkọtaya jẹ́. Ogun ti pa bàbá mi, n kò ní arákùnrin. Kajitani ni wọ́n sì fi mọ iṣẹ́ mi títí dé Tokyo. Lọ rò ó."

"Mo ti rò ó tán. Màá di Kajitani."

Bàbá Itsuo, àgbẹ̀ tíì, fárígá. "Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí! Ṣé ọmọ ajá ni ọ́, tí n óò fi ọ́ ta ará ìta lọ́rẹ?"

Itsuo forí kanlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Sumie ni mo fẹ́."

Ìyá rẹ̀, tó ń bu ọbẹ̀, gbé ìgbakọ sílẹ̀. "Bàbá Itsuo, nígbà tí mo fi Nogami, orúkọ bàbá mi, sílẹ̀ tí mo wá ń jẹ́ Urabe, ta ló bá mi sunkún nínú ilé yìí?"

Bàbá gbé ojú sá fún un.

"Ṣé mi ò wá jẹ́ ọmọ bàbá mi mọ́ ni? Ta ló tọ́jú rẹ̀ títí tó fi kú?"

"Ìwọ ni," Bàbá fèsì jẹ́jẹ́.

"Ẹ mu ọbẹ̀ yín, ó ti ń tutù."

Nígbà tí àwọn igi ìlú tanná, wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Bàbá wọ kimónò dúdú, aṣọ ìbílẹ̀ wọn, ó ń kí àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá kan láti Tokyo bi í pé ta ni ọkọ ìyàwó.

Bàbá kọ́kọ́ húkọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé àyà sókè.

"Urabe lèmi," ó ní. "Kajitani tí ẹ ń wò yẹn, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni jogún ayé, èmi ni mo bí i."