Igi Obì Tí Kò So

"Ẹ tún ti da ewé sí àgbàlá mi lónìí, Mèsíè Adégbóyè!"

Ohùn Màmá Ọláolúwa ré ògiri kọjá. Caleb, ọmọ ọmọ rẹ̀, rẹ́rìn-ín. Kò sí àárọ̀ kan ní àdúgbò Amoutivé, nílẹ̀ elédè Faransé, tí màmá àgbà yìí kì í bá igi aládùúgbò rẹ̀ jà.

Igi obì méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú àgbàlá wọn, èkejì lẹ́yìn ògiri. Ti màmá ń so gbànja bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. Obì yẹn ló ń tà jẹun, òun náà ló fi ń rán Caleb lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì láti ìgbà tí bàbá ọmọ náà ti kú. Ti Mèsíè Adégbóyè, ará ìlú Atakpamé, olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, a máa tanná lọ́dọọdún, àmọ́ kò so rí. Ọkùnrin náà kò bímọ, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Ẹ wá wo ẹnu ayé: wọ́n ní igi náà fìwà jọ ẹni tó gbìn ín.

"Igi àgàn!" ni màmá máa ń pè é, kò sì bìkítà bí olúwa rẹ̀ gbọ́. "Ká ní mo rí ọmọ ọkùnrin gidi tó máa bá mi pa á ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀."

Àgbà ló sọ ọ́, ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ sì ni. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́ yìí, Arnaud àti Ulrich, ọmọ kíláàsì Caleb, wà pẹ̀lú rẹ̀ lábẹ́ igi màmá, wọ́n ń múra sílẹ̀ fún BEPC, ìdánwò àṣejáde kọ́lẹ́ẹ̀jì.

"Ṣé o gbọ́?" ni Arnaud wí. "Ọmọ ọkùnrin gidi ni wọ́n ń wá. Wọn ò kà ẹ́ mọ́ ọn."

"Caleb kẹ̀?" Ulrich bú sẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ẹ̀ rọ̀ bí búrẹ́dì inú tíì."

Caleb mọ̀ pé kò dáa. Mèsíè Adégbóyè ló ń kọ́ ọ ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́, tí kò sì pariwo mọ́ ọn rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀rẹ́ ta á lára ju oore àgbà lọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí Mèsíè lọ sìnkú ní Atakpamé, tí màmá sì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Caleb fo ògiri pẹ̀lú àdá. Ó bó èèpo ìdí igi náà yí ká, ó da ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì ti lò sí gbòǹgbò rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ ọn. Arnaud àti Ulrich jókòó sórí ògiri, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí Mèsíè dé, tó rí i, ó fọwọ́ lé ara igi náà bí ẹni ń wò bóyá ara ọmọ gbóná.

"Caleb, ṣé o rí ẹni tó wọlé síbí?"

"Rárá, Mèsíè."

Màmá yọjú láti ẹ̀yìn ògiri. "Kí lẹ wá fajú ro sí? Ṣé òkú ọmọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Mèsíè yí padà, ó wọlé lọ. Igi náà gbẹ, Mèsíè kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìṣirò mọ́.

Àsìkò obì tún pé. Igi màmá tanná bí ó ti ń ṣe, àmọ́ òdòdó ń rẹ̀ dànù ṣáá, apó obì kan ṣoṣo kò yọ. Màmá gbààwẹ̀. Ó fi òróró àdúrà pa igi lára. Asán ni. Wọ́n lé Caleb kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nítorí kò rówó san, wọ́n sì ti ń fi orúkọ àwọn tó máa ṣe BEPC ránṣẹ́. Nígbẹ̀yìn, màmá gbé ìtìjú tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ránṣẹ́ pe Mèsíè Adégbóyè.

Ọkùnrin náà wo òkè igi títí.

"Màmá Ọláolúwa, igi yín ò ṣàìsàn. Gbànja kì í fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó ara rẹ̀ so. Ti igi mìíràn ló ń gbà, kì í sì í ṣe gbogbo igi ló bá a mu. Tèmi bá a mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akọ òdòdó nìkan ló ń tan, tí kì í fi í so. Kòkòrò ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ wá fún tiyín. Igi tí ẹ ń pè ní àgàn ló ń jẹ́ kí tiyín bímọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo sọ, lọ́dún tí tiyín kọ́kọ́ so. Ẹ ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àdúrà yín ni. Ẹ ní kí n má bá Ọlọ́run pín ògo."

Màmá já gèlè, ó fi di ìbàdí, ó di ọmú rẹ̀ mú.

"Ẹni tó pa igi yẹn, bó bá gbìn, kò ní ká! Ohun tó bá dáwọ́ lé, kò ní so!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ mọ́!" Caleb ti wólẹ̀.

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Èmi ni, Màmá. Èmi ni mo pa á."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, bí ẹni fẹ́ ti ọ̀rọ̀ náà padà sínú.

"Ìwọ tí mo kọ́ ní ìṣirò," ni Mèsíè wí. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Ẹ jẹ́ ká gbin òmíràn, Mèsíè. Èmi ni màá máa bomi rin ín."

"Gbìn ín. Ó tó ọdún méje kó tó tanná. Bó bá sì tanná, ó lè má bá tiyín mu."

"Ọdún méje," ni màmá wí. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Caleb kò ṣe BEPC. Gáréèjì mẹkáníìkì kan ní àdúgbò Nukafu ló ti ń kọ́ṣẹ́ báyìí. Àràárọ̀ ni màmá ń gbàdúrà kí èpè náà yẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè wo ojú ọmọ náà bó ṣe ń gbàdúrà. Arnaud àti Ulrich yege, wọ́n ti wà ní líísè, ilé ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí wọ́n bá ń kọjá, òdì kejì títì ni wọ́n máa ń gbà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni ní aláìwúlò nígbà tí ẹ ò tíì mọ ohun tó ń ṣe fún yín. Ẹ má sì yá ẹ̀rín ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ yín ṣèkà, torí àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún Caleb kò bá a pín nínú ìyà rẹ̀.