Ẹ̀bùn Mọ Ohun Tó Ń Ṣe Sáfà

"Fíìmù lò ń wò lórí sáfà! Àbí irọ́ ni mo pa?" Gbádé na ìka sí Ẹ̀bùn níwájú àwọn ọmọ tó wá fi kọ̀ǹpútà dánra wò. "Òun ni gbogbo ẹ̀rọ wa fi ń wọ́. Ilé tí wọn ò ti kọ́ ọmọ ni wọ́n ti mú ẹ wá!"

"Ẹ̀gbọ́n Gbádé, mi ò wo nǹkan kan."

"Panu ẹ dé!"

Àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀bùn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ni, ó ń kọ́ṣẹ́ nílé ìdánwò orí kọ̀ǹpútà kan ní Yábàá. Gbádé ni ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀rọ níbẹ̀. Sáfà ni kọ̀ǹpútà àgbà tó ń pín ìbéèrè fún àwọn yòókù, tó sì ń gba ìdáhùn pamọ́. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, bí ọmọ bá ti tẹ ìdáhùn, ojú kọ̀ǹpútà á dúró gbagidi. Ẹni tó yẹ kó wá ìdí rẹ̀ ló wá ń na ìka sọ́mọ ọlọ́mọ yìí o. Ẹ ò rí ayé!

Ọ̀rọ̀ náà bí Ẹ̀bùn nínú. Ká ní òun nìkan ló bú ni, ì bá gbé e mì. Ìyá rẹ̀ tó ń ránṣọ ní Muṣin láti fi tọ́ wọn ni Gbádé bú yẹn. "Màá dójú tì ẹ́," ó sọ ọ́ sínú. "Wàá mọ̀ pé o bú èèyàn."

Nígbà tí Gbádé jáde lọ jẹun, Ẹ̀bùn jókòó ti sáfà, ó yẹ̀ ẹ́ wò finnífinní. Ọpọlọ ẹ̀rọ náà ò níṣẹ́ gidi tó ń ṣe, àyè ṣì pọ̀ nínú mẹ́mọ̀rì, nẹ́tíwọ̀kì ń já geere. Díìsìkì tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan pamọ́ sí nìkan niṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn. Kí ló ń kọ síbẹ̀? Kámẹ́rà! Gbádé ti darí gbogbo kámẹ́rà tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn sórí díìsìkì tí ìdáhùn àwọn ọmọ ń wọ̀. Àwòrán ń ya wọlé láìdúró, ìdáhùn sì ń tò lẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ tó gbé kẹ́ẹ̀gì kan tò sẹ́yìn mẹ́ruwà tó kó ogún kẹ́ẹ̀gì wá pọnmi tà.

Díìsìkì mìíràn wà níbẹ̀ tó ṣófo. Kó kàn darí kámẹ́rà síbẹ̀, ó parí. Ṣé Ẹ̀bùn wá sọ̀rọ̀? Rárá o! Ìdánwò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ń bọ̀ ní Sátidé, Àǹtí Christianah tó ni ibẹ̀ á wà níjókòó. Ẹ̀bùn gbé àwòrán kámẹ́rà sókè sí èyí tó mọ́ jù, tó sì wúwo jù, ó dìde, ó panu mọ́.

Jemimah àbúrò rẹ̀ náà fẹ́ ṣe ìdánwò yìí. Bó bá yege, ó dọ̀fẹ́ dé ìparí girama; bí kò bá yege, ìyá wọn ti ní ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló kàn. Àmọ́ ọ̀sán ni tirẹ̀. Ẹ̀bùn ti ro gbogbo rẹ̀: kí ti àárọ̀ dojú rú, kí wọ́n lé Gbádé bí ajá, kí òun tún un ṣe, kí Jemimah sì jókòó sí tirẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Sátidé dé, gbogbo kọ̀ǹpútà gan pa. Àwọn ọmọ ń ké, Gbádé ń tú wáyà, ó ń pa ẹ̀rọ, ó ń tàn án, òógùn bò ó. Ó dùn mọ́ Ẹ̀bùn dé egungun. Jìyà ẹ, ẹlẹ́nu ṣọ́bọ́lọ́!

"Gbádé, o pa mí!" Àǹtí Christianah kawọ́ lérí.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú," ni Ẹ̀bùn wí. Ó darí kámẹ́rà sórí díìsìkì kejì. Wéré, gbogbo ẹ̀rọ ta kìjí.

Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé, aṣojú àwọn tó ṣètò ìdánwò náà, sún mọ́ ọn. "O káre. Báwo lo ṣe tètè mọ̀ ọ́n?"

Ẹ̀san ti pa Ẹ̀bùn bí ọtí. Ó wo Gbádé lójú. "Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, sà. Ó bú ìyá mi, mo ní kó jìyà ẹ̀!"

Gbádé ju wáyà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"O mọ̀ ọ́n, o sì dákẹ́?" Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé yíjú sí Àǹtí Christianah. "Mi ò lè gba èsì kankan níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń mọ̀ọ́mọ̀ ba ìdánwò jẹ́. Ti àárọ̀ di òfo, ti ọ̀sán náà ò ní wáyé. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ẹ̀bùn kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni àwọn ti ọ̀sán ṣe?"

"Kí ni àwọn ti àárọ̀ ṣe fún ìwọ náà?"

Wọ́n bá Gbádé wí kíkankíkan, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ò bọ́. Ẹ̀bùn ni wọ́n ní kó má wá mọ́.

Jemimah ti wà lẹ́nu géètì nínú aṣọ ilé ìwé tí ìyá wọn lọ̀ fún un láàárọ̀. Ẹ̀bùn ò lè purọ́ fún un, ó rò ó látòkèdélẹ̀. Ọmọ náà ò pariwo, omi kàn ń dà lójú rẹ̀.

"Àǹtí mi," ó ní, "ṣé èmi náà bú màmá wa ni?"

Ẹ̀bùn dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n kọjú sílé. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló bà. Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá ṣẹ̀ yín, ẹ fẹjọ́ sùn, ẹ bínú bó ti tọ́. Àmọ́ ẹ má fi iṣẹ́ tí ẹlòmíràn gbẹ́kẹ̀ lé gbẹ̀san láéláé, nítorí ẹ ò lè yan ẹni tó máa jìyà níbẹ̀.