Eré Àkọ́kọ́ Tí Bàbá Fàsásì Kọ

"Hàmdálátù, ta ló máa mọ̀? Orúkọ tìẹ ni kó o kọ sí i!"

Ṣẹ̀rífù, ọmọ ẹgbẹ́ eré wọn, ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Ìkẹ́nnẹ́. Lẹ́yìn pẹpẹ ìwé ni Hàmdálátù ti rí eré onítàn kan tí eruku ti bò. Fàsásì Adéwọlé, òǹkọ̀wé tí gbogbo Rẹ́mọ mọ̀, ló kọ ọ́ nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ náà. Ẹnikẹ́ni kò ṣe é rí. Ìdíje eré sì ti dé tán, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń díje fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ kọ eré tó máa fi díje.

Ìmọ̀ràn náà wu Hàmdálátù gan-an. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń ka ọ̀rọ̀ ìyá oníṣòwò obì inú eré náà, ohùn ẹlòmíràn ló ń gbọ́, kì í ṣe tirẹ̀. Ó wọkọ̀ lọ sí Òde Rẹ́mọ, ó sì kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Fàsásì.

Bàbá wo ìwé náà, ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀gá wa ìgbà yẹn ní ìranù ni. Mo gbà á gbọ́. Lọ dáná sun ún, ọmọ mi."

"Ẹ má bínú, Bàbá, mi ò lè sun ún. Ẹkún ni mo ń sun nígbà tí mo kà á. Ẹ jẹ́ ká ṣe é, orúkọ yín ló máa wà lórí rẹ̀."

Bàbá na ìwé náà padà sí i. "Ó dáa. Ẹ ṣe é."

Nígbà tí olùkọ́ wọn gbọ́ pé Bàbá Fàsásì ló kọ eré náà, ó yọ wọ́n kúrò nínú ìdíje. Inú bí Ṣẹ̀rífù, òun àti ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ sì fi í sílẹ̀. Hàmdálátù sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tílẹ̀ mọ́, ó lọ wá àwọn mìíràn. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, wọn kò yéé fi eré náà dánra wò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe eré náà fún àwọn òbí àti ará ìlú, láìsí ìdíje kankan, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kún. Hàmdálátù ló ṣe ìyá oníṣòwò obì. Láàárín eré, ọ̀rọ̀ dédé pòórá lórí ahọ́n rẹ̀. Bàbá Fàsásì dìde níwájú, ó sọ ọ́ fún un: "Bí mo tilẹ̀ pàdánù ọjà, mi ò ní ta ọmọ mi!"

Hàmdálátù gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ṣe eré dópin. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ṣẹ̀rífù pàápàá, tó dúró lẹ́yìn, pàtẹ́wọ́.

"Mo rò pé mo ti gbàgbé ẹ̀," ni Bàbá wí, omi lójú rẹ̀.

Ẹ̀bùn ìdíje bọ́ lọ́wọ́ Hàmdálátù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi iṣẹ́ ẹlòmíràn sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín: ìrẹ́jẹ kò lè fún yín ní irú ayọ̀ tí ọmọ yìí gbé relé.