Làálì Ọjọ́ Kan

Àrínọlá da ewé làálì gbígbẹ sínú odó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Kò gún un bí ẹni ń gúnyán. Jẹ́jẹ́ ni ó ń gbé ọmọ odó sókè, tí ó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ewé náà má baà gbóná kó tó kúnná. Lẹ́yìn náà, ó ta aṣọ ṣẹ́dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo ẹnu igbá, ó fi okùn so ó yíká, ó da làálì lé e lórí, ó sì ń fi ìka gbá a díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó bọ́ sínú igbá kúnná bí àtíkè. Ó bu díẹ̀ sáàárín ìka méjì, ó rá a, ó sì tẹ́tí sí i bóyá yóò gbọ́ ìró iyanrìn.

"Wọ́n ní kó o gún làálì, ò ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ rédíò!" Ráfátù wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ṣé ó ti ka ìròyìn tán?"

Àrínọlá rẹ́rìn-ín. Ráfátù nìkan ni ó lè fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ tí kò ní bínú. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni àwọn méjèèjì, ọ̀dọ̀ Ìyá Ọ̀ṣẹ́nì ní Ìsàlẹ̀-Tábà ni wọ́n sì ti ń kọ́ iṣẹ́ làálì lílé. Kò sí ìyàwó tí wọ́n ń gbé ní Ṣakí nígbà náà tí àwọn ẹbí rẹ̀ kì í kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ìyá náà, kí ó wá lé làálì sí i lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Nígbà tí bàbá Àrínọlá kú, Ráfátù ni ó wá ń bá a sùn lórí ẹní títí wọ́n fi ṣe àdúà ogójì ọjọ́. Inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun.

Ṣùgbọ́n orúnkún ń dun Ìyá Ọ̀ṣẹ́nì, kò lè máa rìn káàkiri mọ́. Ó ti sọ fún wọn pé ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni òun yóò fi àwọn oníbàárà òun lé lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá dá ìyàwó kan lé fúnra rẹ̀, tí ọwọ́ ìyàwó náà sì jáde láìlábùkù, ni òun yóò mú. Àrínọlá ni ó kọ́kọ́ yàn láti dán wò. Fàtímọ̀, ọmọ ilé Ládòkun, ni ìyàwó tí yóò lé. Nígbà tí wọ́n gbọ́, Ráfátù ni ó kọ́kọ́ dì mọ́ ọn, tí ó sì kí i kú oríire.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Ìyá Ọ̀ṣẹ́nì sọ kí ó tó wọ ọkọ̀ Ìséyìn lọ kí àbúrò rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Ó ní, "Kí o tó fi kan ara ọmọ ọlọ́mọ, kọ́kọ́ fi kan tìrẹ. Kó sùn níbẹ̀, kó jí níbẹ̀."

Àrínọlá ti gbèrò iṣẹ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a máa ń lé làálì ìyàwó, ní ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn. Ti àkọ́kọ́ a pọ́n bí epo. Ìkejì a mú un ṣókùnkùn. Ìkẹta ni ó máa ń dúdú dáadáa.

Kò tíì po ti àkọ́kọ́ tí ìyá àgbà Fàtímọ̀ fi wọlé, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ọmọ mi, yìgì ti di ọ̀la o! Ṣọ́jà ni ọkọ, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì ti ní kó tètè padà sí bárékè Kàdúná. Bá wa lé e lónìí."

"Ìyá àgbà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò lè dúdú. Pípọ́n ni yóò pọ́n."

"Kó pọ́n kẹ̀? Kí àwọn àna wí pé a ò tọ́jú ọmọ wa kó tó kúrò nílé? Wá nǹkan ṣe sí i, ọmọ mi."

Nígbà tí ìyá náà lọ tán, Àrínọlá jókòó sórí àpótí, ó káwọ́ lérí. Ráfátù wọlé lọ, ó gbé agolo kékeré kan jáde. Ẹ̀tù dúdú ni ó wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn bàbá àgbà fi ń pa irun funfun dà, tí àwọn oníṣòwò máa ń gbé gba ìlú Ìjìò wọlé láti òdìkejì ibodè.

"Po èyí mọ́ ọn," ó wí. "Kó tó di àárọ̀, ọwọ́ ìyàwó á dúdú bí kóró iṣin."

"Aró irun? Sí ara?"

"Wo ọwọ́ mi." Ráfátù na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n dúdú, wọ́n ń dán. "Àná ni mo fi lé e. Ṣé o rí egbò kankan níbẹ̀?"

"Ìyá ní kí n kọ́kọ́ fi kan ara mi, kó sùn níbẹ̀."

"Ara tèmi kì í ṣe ara ni? Ó ti sùn lára mi, ó ti jí lára mi." Ó fi èjìká gbá a, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àrín, àbí o rò pé mo lè kì ọ́ bọ iná?"

Àrínọlá tún wo ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ronú nípa àwọn oníbàárà Ìyá Ọ̀ṣẹ́nì, àti bí yóò ti rí bí Fàtímọ̀ bá jáde pẹ̀lú ọwọ́ pípọ́n. Ó ṣí agolo náà, ó sì bu ẹ̀tù inú rẹ̀ sínú làálì.

Wọ́n ti jọ pinnu pé àwọn méjèèjì ni yóò lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò tó, Ráfátù ní inú ń run òun. Àrínọlá dá lọ lẹ́yìn ìrun àlàásárì. Ó fi làálì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ Fàtímọ̀, ó fi bo ìka kọ̀ọ̀kan títí dé oríkèé, ó fi ewé lárà wé wọn, ó sì fi aṣọ di ewé náà pinpin. Àwọn obìnrin ilé jókòó yí wọn ká, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà.

Kò pẹ́ tí Fàtímọ̀ fi fajú ro. "Ó ń ta mí," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. "Làálì tó bá ń ta ni ń mú!" ọ̀kan wí. "Ìyàwó kì í sunkún làálì," òmíràn gbè é. "Tìrẹ la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ni?"

Fàtímọ̀ pa ẹnu dé. Wọ́n yìn ín pé akọni ọmọ ni, pé yóò gbélé ọkọ pẹ́. Àrínọlá mọ̀ pé làálì tí òun kọ́ kì í ta ènìyàn, tútù ni ó máa ń tutù bí amọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi ìdì aṣọ náà. Àwọn obìnrin ń wò ó. Ó yọ ọwọ́ kúrò, ó kó igbá rẹ̀, ó sì lọ sílé.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni wọ́n tú u. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, gbogbo ilé pariwo ayọ̀, nítorí ó dúdú lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé ọwọ́ ti wú. Ara ìka ti lé ròrò, omi sì ń jáde láàárín wọn. Fàtímọ̀ kò lè ká ọwọ́ kò. Ìyá àgbà ké, ó ní, "Mo gbé! Ta ló jó ọmọ mi?"

Ní ọsibítù, Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀ wo ọwọ́ náà, ó sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi sí i. Àrínọlá, tí ó ti sáré tẹ̀lé wọn, ni ó dáhùn, ẹkún sì gbà á lẹ́nu: "Aró irun ni mo pò mọ́ làálì, mà."

"O fi aró irun di ènìyàn lọ́wọ́ mọ́jú?" Nọ́ọ̀sì bu omi sínú abọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọwọ́ náà.

Báńdéèjì funfun ni ó wà lọ́wọ́ Fàtímọ̀ nígbà tí wọ́n so yìgì rẹ̀. Báyìí náà ni ó sì ṣe lọ sí ilé ọkọ.

Nígbà tí Ìyá Ọ̀ṣẹ́nì dé láti Ìséyìn, ó pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú ìyá àgbà Fàtímọ̀. Àrínọlá sọ gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ó yíjú sí Ráfátù, kí ó wá gbè é lẹ́sẹ̀.

Ráfátù kò wo ojú rẹ̀. "Ìyá, mo fi Ọlọ́run búra, n ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kìlọ̀ fún Àrínọlá pé kó yé wá ọ̀nà àbùjá."

Ó dà bí ẹni pé wọ́n da omi yìnyín sí Àrínọlá lẹ́yìn. Ó ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ tí ó kó sórí itan. Ìgbà náà ni ó rí ohun tí ó yẹ kó ti rí tipẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ Ráfátù dúdú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kàn pọ́n díẹ̀ ni. Bí làálì tòótọ́ ti ń ṣe nìyẹn: ibi tí awọ bá ti nípọn ni ó máa ń mú jù. Aró irun kò mọ awọ nínípọn yàtọ̀ sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bákan náà ni ó dúdú níwájú àti lẹ́yìn ìka Fàtímọ̀.

"Ìyá," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ọwọ́ Ráfátù padà."

Ìyá Ọ̀ṣẹ́nì fa ọwọ́ náà mọ́ra, ó yí i padà. Ó tún yí i padà. "Làálì mi nìyí," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta lo lé e. Kò sí aró kankan níbí."

"O sọ fún mi pé ó ti sùn lára rẹ," Àrínọlá wí.

Ráfátù fa ọwọ́ rẹ̀ gbà. "Ẹ̀yin náà lẹ ní ẹnì kan ṣoṣo lẹ máa mú!" ó pariwo. "Èmi náà ò kọ́ṣẹ́ ni? Mo rò pé yóò kàn wú díẹ̀ ni, bó ṣe ṣe ìyàwó kan ní Ìjìò. N ò mọ̀ pé yóò bó o."

Ráfátù ti rí ohun tí ẹ̀tù yẹn ṣe fún ẹlòmíràn, ó sì fi ẹ̀rín gbé e lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá Ọ̀ṣẹ́nì ní kí ó kó ẹrù rẹ̀, kí ó máa lọ sílé bàbá rẹ̀.

Àrínọlá kúnlẹ̀, ó ń retí kí ìyá náà gbé òun dìde. Kò gbé e dìde.

"Ráfátù dalẹ̀ ọ̀rẹ́, Ọlọ́run rí i," ìyá náà wí. "Ṣùgbọ́n ta ló po làálì? Ìyàwó ní ó ń ta òun, ta ló gbọ́ tó kó igbá rẹ̀ lọ sílé? N ò lè rán ọ lọ sílé oníbàárà mi kankan. Máa lọ. Tí iṣẹ́ yìí bá wà lára rẹ, wàá tún un kọ́."

Àwọn ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e korò. Àrínọlá lọ bẹ Fàtímọ̀ nílé ọkọ rẹ̀ kí ìyàwó náà tó lọ bá ọkọ ní Kàdúná. Ó bá a fọ aṣọ, ó bá a rọ àgbo fún ọmọ kékeré tó wà nílé ọkọ náà, nítorí ọwọ́ ìyàwó kò tíì jinná. Fàtímọ̀ kò lé e, kò sì bá a sọ̀rọ̀. Lójú ọ̀nà odò, àwọn ọmọdé ń pè é ní Ajó-ìyàwó-lọ́wọ́. Ohun tí ó dùn ún jù ni pé, nígbàkígbà tí wọ́n bá fi orúkọ náà pè é, Ráfátù ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ ń fẹ́ sáré lọ sọ fún.

Kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó gé ẹ̀ka igi làálì, ó gbìn ín sí etí ọgbà ìyá rẹ̀, ó ń pọn omi sí i ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Ó bẹ àwọn agbẹ́dó fún odó kan tí etí rẹ̀ sán. Ó fi ìborí ìyá rẹ̀ tó ti gbó ṣe ajọ̀. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi ń kọ́ṣẹ́. Ó rí i pé omi ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń jẹ́ kí làálì ṣókùnkùn ju omi lásán lọ, bí a bá pò ó sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó rí i pé nígbà ọyẹ́ làálì máa ń gbẹ, a sì sán kó tó mú, àfi bí a bá ń fi omi ṣúgà tọ́ ọ lórí. Ó rí i pé kò yẹ kí omi kan ọwọ́ náà ní ọjọ́ tí a bá tú u, epo díẹ̀ ni kí a fi ra á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í funfun mọ́.

Ó tó ọdún kan àti ààbọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Fàtímọ̀ ni. Ó ti wá sílé wá bímọ. Àmì dúdúdúdú díẹ̀ ṣì wà láàárín ìka rẹ̀.

"Mo fẹ́ lé làálì kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé," ó wí. "Wá lé e fún mi."

"Àǹtí Fàtímọ̀, èmi?"

"Gbogbo àwọn tó ní kí n dákẹ́ lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó wá bẹ̀ mí nínú wọn. Ìwọ lo wá. Ìwọ lo sì sọ òtítọ́ fún nọ́ọ̀sì."

Àrínọlá kọ́kọ́ lé e sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó jẹ́ kí ó sùn níbẹ̀, kí ó jí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó lọ. Bí ó ti ń lé e ni ó ń béèrè, "Ṣé kò ta yín? Ẹ má fara dà á fún mi o."

"Tútù ló tutù!" Fàtímọ̀ rẹ́rìn-ín. "O ti béèrè tó báyìí, jẹ́ kí n sùn."

Nígbà tí Àrínọlá ń padà sílé, ó pàdé Ráfátù tó ru igbá ẹ̀fọ́. Wọ́n kí ara wọn. Ráfátù tún igbá orí rẹ̀ gbé, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Àrínọlá ti dárí jì í, ṣùgbọ́n kò tún fọkàn tán an mọ́. Ó ti kọ́ ọ pé ẹni tí a fẹ́ràn lè tan wá jẹ, àti pé ẹ̀tàn ẹlòmíràn kò sọ pé kí a má jíhìn iṣẹ́ tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀rẹ́ bá ní ọ̀nà kan dára, ẹ fi ojú ara yín yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó mú ọmọ ọlọ́mọ gba ibẹ̀. Bí ẹni tí ẹ ń ṣiṣẹ́ fún bá sì ní ó ń dun òun, ẹ dá iṣẹ́ dúró.

Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, lẹ́yìn tí ó ti lé e lẹ́ẹ̀mẹta, Fàtímọ̀ na ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n, etí làálì náà sì gún régé bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Ìyá àgbà fi àtàǹpàkò ra á, ó wo àtàǹpàkò náà, kò rí aró kankan níbẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ní kí ó gbé àpótí wá fún Àrínọlá, kí ọmọ náà sì jókòó kí Àrínọlá bẹ̀rẹ̀ sí í lé tirẹ̀. Kí oúnjẹ tó délẹ̀, obìnrin mẹ́ta mìíràn ti bọ́ bàtà, wọ́n ń dúró de ìgbà tí yóò kàn wọ́n.